Ìtọ̀ bàbá mi tún ti ń dá lẹ́yìn tí wọ́n dí iṣan pròstéètì

ỌmọKàbbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Lọ́dún 2022 ní London, wọ́n ti páìpù tín-ín-rín bọ iṣan bàbá mi láti ọrùn ọwọ́, wọ́n dí èyí tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí pròstéètì (ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká), ara tù wọ́n gan-an, àmọ́ ní báyìí ìtọ̀ tún ń kán tó-tó-tó, wọn ò rórun sùn. Ṣé ó máa ń padà ni?

Nọ́ọ̀sìÌsánlú: Ó máa ń padà fáwọn kan o, torí wọn ò gé pròstéètì kúrò, ṣe ló kàn sún kì, ẹ̀jẹ̀ sì lè gba iṣan míì débẹ̀. Wọ́n lè tún un ṣe, tàbí kí wọ́n gba ojú ìtọ̀ wọlé lọ ha á. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ àti PSA (tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún pròstéètì), ẹ jọ̀ọ́.

AráMọ̀pà: Tí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ má dúró ti àgbo o, ọsibítù lójú ẹsẹ̀!