Ẹni ọdún 45 fẹ́ padà sí yunifásítì ní Àbújá: báwo lowó ilé kò ṣe ní dàrú?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ, ọmọ ọdún 45, OND ló ní, ó sì fẹ́ gba dìgírì láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó wọṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé, oṣù kẹsàn-án la máa ń san owó ilé ìwé wọn, oṣù kọkànlá sì ni owó ilé tá à ń gbé ń pé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní. Owó wo gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ó yẹ ká yá owó sí i? Ṣé dìgírì náà á sì mú owó rẹ̀ padà wá kí wọ́n tó fẹ̀yìntì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye ṣàlàyé.

Ẹ̀gbọ́n Ọ́fíìsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ọdún tó kù kó fẹ̀yìntì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó ka owó rárá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìntì tó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 24 á pé ọdún 35 nígbà tó bá di 59. Ipele 200 ni ẹni tó ní OND máa ń wọ̀ tí ẹ̀kọ́ méjèèjì bá jọra. Tó bá fa ẹ̀kọ́ náà dé ọdún mẹ́rin nítorí iṣẹ́, á parí ní 49, ó ku ọdún 10. Ẹ wá yọ ọdún méjì kúrò: ìwé ẹ̀rí á pẹ́ kó tó jáde, àyè gbọ́dọ̀ ṣófo lọ́fíìsì, ìdánwò ìyípadà ipò, láti ipò ẹni tó ní OND sí ti ẹni tó ní dìgírì, tún wà. Ọdún 8 ni yóò fi jèrè rẹ̀.

Ká ní owó oṣù á fi ₦25,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. ₦300,000 nìyẹn lọ́dún, ₦2,400,000 ní ọdún 8. Ká ní sẹ̀mẹ́sítà kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti dátà, ń jẹ ₦150,000. Sẹ̀mẹ́sítà 8 jẹ́ ₦1,200,000. Ó lérè. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ ọdún 52 ló bẹ̀rẹ̀: á parí ní 56, ó ku ọdún 3, ìdádúró jẹ 2 níbẹ̀, ₦300,000 péré ló máa kó lórí ₦1,200,000 tó ná. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi, bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ tún rántí pé owó oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, 8% látọwọ́ òṣìṣẹ́ àti 10% látọwọ́ ìjọba, nítorí náà àfikún owó oṣù ń wọ ibẹ̀ náà.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni àṣẹ. Kó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, kó gba èsì ní kíkọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀ kan. Dìgírì tí ọ́fíìsì kò mọ̀ nípa rẹ̀ lè má ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìyípadà ipò. Kó tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ bóyá ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà bá ipò tó ń lọ mu. Mi ò fi èyí ṣeré rárá, torí ọdún mẹ́rin èèyàn lè ṣòfò síbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Lùgbé

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ téèyàn lè kà láti ilé, torí òun ló bá òṣìṣẹ́ mu jù, Jàbí níbí sì ni olú ilé rẹ̀ wà. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ fún owó ilé ni pé iye kọ́ọ̀sì tí èèyàn mú ló fi ń sanwó. Owó mẹ́ta ló wà: owó tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń san, owó kọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí iye yúníìtì rẹ̀, àti owó ìdánwò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀mẹ́sítà tó bá bọ́ sí àsìkò tí owó ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé ń pé, kó mú kọ́ọ̀sì mẹ́rin dípò méje. Ìyẹn sàn ju kó yáwó lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó gbàgbé ti ìdánwò. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń forúkọ méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá orí íntánẹ́ẹ̀tì. Máàkì 30 nínú 100 ló wà níbẹ̀, ìdánwò ló ni 70. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì í pa, ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ kí 30 lọ, inú 70 ni yóò ti máa wá gbogbo máàkì rẹ̀, tó bá sì fìdí rẹmi, owó ìdánwò tún di sísan. Ẹ má ra dátà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣèdánwò ipele 100 àti 200. Láti 300 lọ, bírò àti ìwé ló wọ́pọ̀. Ìdánwò kì í tẹ̀lé ara wọn, ó lè tàn ká ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà kó pín ìsinmi ọdún rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ dípò kó lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ti NYSC kò sí lọ́rùn rẹ̀: ẹni tó lé ní 30 nígbà tó parí kì í sìn, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un.

Alájẹṣẹ́kù Nyanya

Ìyá Ìbejì mi, ẹ má fi owó ọjà ṣọ́ọ̀bù san owó ilé ìwé. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Owó ọjà tó bá wọ ilé ìwé kì í padà wá ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn, ṣọ́ọ̀bù á máa ṣófo, ẹ̀yin náà á sì di ẹni tí ń retí owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ tọrọ nọ́ńbà tó máa bọ́ sí oṣù ìforúkọsílẹ̀, kí oṣù kẹsàn-án àti ìkọkànlá má bàa kún mọ́ra. Ní ti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Kò burú, bí ẹ bá lè san án tán kí sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ tó wọlé. Gbèsè oṣù 18 fún sẹ̀mẹ́sítà oṣù 6, kẹ́ ẹ tó san ìdá mẹ́ta rẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ kejì ti dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi fóònù yáni lówó, tí èlé ibẹ̀ ń gbé owó oṣù mì.

Bí èyí àgbà nínú àwọn ọmọ bá ti wà ní yunifásítì ìjọba, ẹ jẹ́ kó béèrè fún NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ọdún 2024 ló gbé e kalẹ̀, kò ní èlé, tààrà ni owó ilé ìwé ń lọ bá ilé ìwé, ₦20,000 sì wà lóṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó oúnjẹ mọ́ ọn. Ó gba nọ́ńbà ìgbaniwọlé, NIN àti BVN. Gbèsè ni o, ọmọ náà ni yóò san án nígbà tó bá ríṣẹ́, kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A ti kà á: sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, kọ́ọ̀sì mẹ́rin. Ó ku ohun kan. Ọjọ́ ìbí wọn lórí NIN àti èyí tó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì kò dọ́gba, oṣù mẹ́rin ló fi yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ́fíìsì

Ẹ tún un ṣe kó tó ra fọ́ọ̀mù. Ti fáìlì ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, torí òun ni ìjọba fi ń ṣírò ìfẹ̀yìntì, NIN ni kẹ́ ẹ yí padà. Tó bá fi ọjọ́ ìbí tó yàtọ̀ wọlé, òun náà ni ilé ìwé á máa kọ lọ, ó sì lè dá a dúró lọ́jọ́ tó bá mú ìwé ẹ̀rí wá fún ìyípadà ipò. Kó tún yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ìwé WAEC, OND àti NIN: lẹ́tà kan tó ṣìnà tó láti dá a padà.