Ẹ̀yin tó ti fi AI wá ìwé fún orí kejì, ẹ wá ròyìn

Ọmọ_Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n lọ tún orí kejì iṣẹ́ ìwádìí mi kọ, níbi tí a ti ń sọ ohun tí àwọn mìíràn ti kọ, pé àwọn ìwé tí mo tọ́ka sí ti gbó jù. Ewúro àti ìtọ̀ ṣúgà ni iṣẹ́ mi dá lé. Ẹnì kan ní kí n lo Elicit, ẹnì kan ní ResearchRabbit, ẹnì kejì yàrá mi ní kí n kàn bi ChatGPT kí n sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, kí lojú yín rí?

Ìyá_Ìbejì_PhD: Ojú mi rí nǹkan.

Dúdúyẹmí: Èyí ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Ọmọ kíláàsì wa kan ń ṣe dìfẹ́ǹsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi ìtọ́kasí, ló bá dákẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo lo ti rí ìwé tèmi yìí?" Ọmọ náà dáhùn tìgboyàtìgboyà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, sà. Bàbá ní, "Ó dáa. Jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́ sí mi, torí èmi gan-an ò tíì kọ ọ́."

Orúkọ bàbá pé, jọ́nà yẹn wà lóòótọ́, ọdún wà, ojú ìwé wà. Ìwé yẹn nìkan ni kò sí.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds: "Èmi gan-an ò tíì kọ ọ́" 😂😂😂 Mo kú.

Aláròyé: Ìtàn yìí ti dùn jù, mi ò gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló ń ka ibi ìtọ́kasí?

Dúdúyẹmí: Orúkọ ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá níbẹ̀. Lọ bèèrè.

Ìyá_Ìbejì_PhD: Òótọ́ pọ́ńbélé. Ìka ni súpáfáísọ̀ tèmi fi ń tẹ̀lé e láti A dé Z. Tí kò bá rí ara rẹ̀, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Akọ̀wé_Kékeré: Aláròyé, kí ló ṣòro gbà gbọ́ níbẹ̀? Lọ́dún 2023, ní New York, àwọn lọ́yà kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí lọ síwájú adájọ́, nínú ẹjọ́ tí èrò kan pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Avianca. ChatGPT ló bá wọn ṣe é. Adájọ́ ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là owó ìtanràn. Lọ́yà nìyẹn o, àwọn tó ń fi ìwé jẹun.

Ohun tó ń fà á ni pé tí o bá bi irú ẹ̀rọ yẹn láìjẹ́ pé ó lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìwé kankan níwájú rẹ̀. Ohun tó jọ ìtọ́kasí ló ń hun, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Elicit, Consensus àti ResearchRabbit yàtọ̀. Inú àkójọ ìwé gidi ni wọ́n ti ń wá a, irú Semantic Scholar tàbí OpenAlex. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá sábà máa ń wà. Àlàyé tí wọ́n bá ṣe lé e lórí ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Aláròyé: ChatGPT náà ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ má fi ti 2023 dá a lẹ́jọ́ títí ayé.

Akọ̀wé_Kékeré: Ó ń wò ó, ó sì lè fi ìwé tó rí ti ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀. Ṣí ìwé náà.

Bàbá_Kátálọ́ọ̀gì: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ní ilé ìkàwé Kenneth Dike n'Íbàdàn, dúrọ́ọ̀ káàdì la máa ń fà. Ò ń wá ewúro lọ, wàá pàdé ewé mìíràn lọ́nà, wàá jókòó tì í. Káàdì ò parọ́ fún wa rí.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds: Bàbá, káàdì ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ dé ibi pẹpẹ, ìwé ò sí níbẹ̀. Ẹni tó yá a ti gbé e lọ sílé ọkọ.

Bàbá_Kátálọ́ọ̀gì: Ìyẹn náà wà.

Ewéjẹ́: Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn. Ọmọ_Àkúrẹ́, *Vernonia amygdalina* nìkan lò ń tẹ̀, àbí? Àwọn onímọ̀ ewéko ti gbé ewúro lọ sí *Gymnanthemum amygdalinum*. Orúkọ méjèèjì ni kí o fi wá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé tuntun tí súpáfáísọ̀ ń bèèrè yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Ibi tí AI ti wúlò fún mi nìyí: mo kó ìwé díẹ̀ tó dá mi lójú sínú ResearchRabbit, ó ń gbé àwọn tó tọ́ka sí wọn wá, orúkọ yòówù kí wọ́n pe ewé náà.

Ṣùgbọ́n o, jọ́nà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀, tó wà nínú káńbọ́ọ̀dù lọ́fíìsì HOD, kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Láti 1998 ni AJOL ti ń gbé jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì tíì kó gbogbo wọn tán. Nítorí náà, tí AI bá sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, má kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é lè wà ní yàrá kejì.

Ìyá_Ìbejì_PhD: Ó lè jẹ́ ẹni tó máa jókòó níbi dìfẹ́ǹsì rẹ gan-an.

Dúdúyẹmí: Ẹ ẹ̀ rí i báyìí 😂

Ọmọ_Àkúrẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni, Ewéjẹ́. Mo tẹ orúkọ kejì yẹn, wọ́n ń ya wá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, owó ni wọ́n ń bèèrè kí n tó lè ṣí i. Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ti iléèwé yín ṣí i…

Aláròyé: Èmi náà, méjì péré.

Dúdúyẹmí: Kí n fi líǹkì ránṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́_Leeds: Ṣé ẹ fẹ́ kí iléèwé lé mi ni? Ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ ìwé náà lórí Google Scholar, ẹ fi Unpaywall tó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sórí bùráúsà yín, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó kọ ọ́, inú wọn máa ń dùn. Ẹ sì rántí pé ìwé tí ẹ̀yin ò lè ṣí, AI náà lè má lè ṣí i. Abstract, àkótán iwájú ìwé, nìkan ló kà tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ka gbogbo rẹ̀.

Aláròyé: Bíi tàwa náà.

Akọ̀wé_Kékeré: Kíkó wọn jọ ńkọ́? Fóldà tèmi ń jẹ́ TUNTUN, èkejì TUNTUN GAN-AN.

Ewéjẹ́: Zotero, ó ń kó ìwé jọ, ó sì ń to ìtọ́kasí. Ọ̀fẹ́ ni. Láti 2019 ló ti ń kilọ̀ tí wọ́n bá ti fa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ padà, torí ó ń wo Retraction Watch, àkójọ àwọn ìwé tí wọ́n ti fà padà. PDF tó bá pọ̀, fi sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, 300MB ni àyè ọ̀fẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Ìbejì_PhD: Èmi ń kó àwọn tí mo ti kà sínú NotebookLM, AI Google tó ń dáhùn láti inú ìwé tí o bá kó fún un. Bí mo bá gbàgbé ẹni tó sọ nǹkan, mo bi í, ó sì ń fi ìlà tó ti mú un hàn mí. Àwọn tí mo TI kà o.

Kọ̀ǹpútà_Ẹnu_Géètì: Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ni mo ní lẹ́nu géètì iléèwé kan. Ọmọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì gbé orí kejì wá, ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ náà gbé tirẹ̀ wá, ni mo bá rí ìtọ́kasí kan náà nínú méjèèjì. Mo rò pé wọ́n mọra ni. Wọn ò mọra. Mo tẹ àkọlé rẹ̀ sórí Google Scholar, kò sí níbì kankan.

Aláròyé: Ṣé ẹ sọ fún wọn?

Kọ̀ǹpútà_Ẹnu_Géètì: Mo sọ fún ti nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé súpáfáísọ̀ òun kì í ka ibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_PhD: Kó ṣáà ti rí i pé orúkọ súpáfáísọ̀ ò sí níbẹ̀.

Ọmọ_Àkúrẹ́: Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ń gbà lójú ìwé kan?

Kọ̀ǹpútà_Ẹnu_Géètì: Tí iná bá wà, a ó jọ sọ ọ́. Ẹni tó bá fi Zotero to tirẹ̀ wá, mo ń yọ nǹkan fún un, torí ìtọ́kasí ló ń pa mí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, gbé epo dání.