Ẹ̀dọ̀ màmá mi: kí wọ́n la ikùn ni, àbí kí wọ́n gba ojú ihò?

Ẹ káàárọ̀ o. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló mú màmá mi. Wọ́n ti gé ìyẹn, wọ́n ti gba oògùn, àfi bí àyẹ̀wò tuntun ṣe ní ó ti ràn dé apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ wọn. Dókítà kan ní òun máa la ikùn kí òun lè gé apá náà, ìyẹn bí ìlàjì ẹ̀dọ̀. Èkejì ní ihò márùn-ún péré lòun máa lu, òun á máa fi kámẹ́rà wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ihò ni dandan, pé ta ló fẹ́ kí wọ́n la ìyá òun bí ẹja? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé oníhò náà ní ojú ọgbẹ́ tiẹ̀. Gáàsì ni wọ́n ń fẹ́ sínú ikùn títí táá fi le bí ìlù, kí àyè lè wà. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá gé, inú àpò ọ̀rá ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á wá la ìsàlẹ̀ ikùn díẹ̀ kí wọ́n fi fà á jáde.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù. Tí iṣan bá já, tí ikùn sì wà ní lílà, ọwọ́ dókítà á tètè débẹ̀. Lójú kámẹ́rà, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti bo gíláàsì. Mo ti rí i tí wọ́n pa ihò tì, tí wọ́n la ikùn. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá ń ṣorí kunkun pé òun ò ní là á ni kẹ́ ẹ sá fún.

Bàbá Ìbejì: Èmi ni wọ́n gé ìlàjì ẹ̀dọ̀ mi, lílà ni. Ikọ́ ló fìyà jẹ mí jù. Ìrọ̀rí ni mo ń gbá mọ́ ikùn kí n tó húkọ́. Nígbà tó yá, ìfun yọ kókó lójú ọgbẹ́, ó tún di iṣẹ́ abẹ míì. Oníhò tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tètè ń rìn, èjìká nìkan ló ń ráhùn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé lára tiẹ̀ kò tó tèmi.

Ọ̀mọ̀wé: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìwádìí OSLO-COMET ní Norway rí i pé wàhálà ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ bá 19 nínú 100 oníhò, ó bá 31 nínú 100 àwọn tí wọ́n là, ṣùgbọ́n ibi kékeré ni wọ́n gé. ORANGE II PLUS ní Yúróòpù, tó jáde ní 2024, ló dán ìlàjì ẹ̀dọ̀ wò: oníhò gbádùn ní ọjọ́ 4, àwọn yòókù ní ọjọ́ 5. Ọjọ́ kan péré! Àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ náà dáadáa ló sì ṣe é.

Ìyá Àgbà: Ọmọ mi, bi dókítà oníhò yẹn: ìlàjì ẹ̀dọ̀ mélòó ló ti gbà báyìí gé? Má jẹ́ kó ka ti òróòro mọ́ ọn. Mélòó ló padà là? Kó sọ ìwọ̀n ẹ̀dọ̀ tó máa ṣẹ́kù pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ ń hù padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn jẹjẹrẹ ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Tí èyí tó máa kù bá kéré jù, wọ́n lè kọ́kọ́ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, kí apá òsì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tóbi sí i.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo bi í lọ́sàn-án yìí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ti màmá ló máa ṣìkẹta. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì fèsì.