Ìdáhùn: “ìtanràn ojoojúmọ́” kò bá tàwọn ará Fínlándì mu

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “ìtanràn ojoojúmọ́” lánàá fún ohun tí àwọn ará Fínlándì ń pè ní päiväsakko, ìyẹn ìtanràn tí wọ́n ń fi owó tó ń wọlé fúnni díwọ̀n, mo kí yín o, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á. Oṣooṣù, ọdọọdún, ojoojúmọ́: àpètúnpè ibẹ̀ ń sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ léraléra ni. Ẹni tó bá gbọ́ “ìtanràn ojoojúmọ́” á rò pé àràárọ̀ ni ọlọ́pàá ń wá kanlẹ̀kùn gbowó.

Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1921 ni wọ́n ti ń fi owó tó ń wọlé fúnni díwọ̀n ìtanràn níbẹ̀. Wọ́n á yọ owó orí àti owó gbígbọ́ bùkátà díẹ̀ kúrò nínú owó oṣù, wọ́n á pín ìyókù sọ́nà 60. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìpín ọjọ́ kan. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe tó ni iye ọjọ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. Lọ́dún 2023, ní Åland, erékùṣù kan lábẹ́ Fínlándì, olówó kan tó ń jẹ́ Anders Wiklöf sá eré 82 kìlómítà ní wákàtí kan níbi tí òfin ti ní kó má ju 50 lọ. 121,000 yúrò ni wọ́n bù lé e! Èwo ni ti ojoojúmọ́ níbẹ̀?

Òòjọ́ ló yẹ ká mú. Àwọn àgbà tó tọ́ mi n'Iléṣà kì í pe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ní iṣẹ́ ojoojúmọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ni. Oúnjẹ òòjọ́ inú Àdúrà Olúwa náà, ìpín ọjọ́ ni. “Ìtanràn òòjọ́” ni tèmi: iṣẹ́ òòjọ́ ẹni ni a fi wọn ìtanràn rẹ̀. 100 pọ́n-ùn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ asáréjù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba, àti 2,000 náírà tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa ń bù fún ẹni tí kò de bẹ́líìtì, ìtanràn lásán nìyẹn, torí iye kan náà ni tolówó tòtòṣì ń san.

Ẹni tó ní ká pe gbogbo rẹ̀ ní “owó ọlọ́pàá” ńkọ́? Rárá o! Owó tí kò ní rìsíìtì ni gbogbo Èkó mọ̀ sí owó ọlọ́pàá. Àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìyẹn ò ní kí àpètúnpè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní ti àwọn tó ní “oòjọ́” ló yẹ ká máa kọ dípò “òòjọ́”, mi ò tíì gbà. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń kọ ọ́.