Àdàkọ kọ́, orin àtúnkọ ni

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìyàrá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní orin síńgù tuntun kan wà tí gbogbo ilé ìgẹrun ní Kábà ń gbé sí i, àwọn ọmọ sì ń jiyàn bóyá olórin náà ló ni ín àbí ó gbà á lẹ́nu ẹlòmíì. Wọ́n wá dábàá pé ká máa pe kọ́fà, ìyẹn orin ẹlòmíì tí olórin kan tún kọ, ní "orin àdàkọ", ká pe èyí tó ṣáájú ní "orin ojúlówó". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Àdàkọ ni iṣẹ́ oní-fótókọ́pì. Bí ìwé àkọ́kọ́ ṣe rí ni èkejì máa rí, títí kan àmì epo ọ̀sán tó ta sí i létí. Ọmọ tó na ọrùn wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdánwò náà, àdàkọ ló ṣe. Ṣé ohun tí Whitney Houston, olórin Amẹ́ríkà, ṣe nìyẹn? Dolly Parton, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló ṣẹ̀dá "I Will Always Love You", ó sì gbé e jáde ní 1974, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dágbére. Nígbà tí Whitney kọ ọ́ fún fíìmù The Bodyguard ní 1992, ohùn rẹ̀ nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ìlù, kò sí gìtá, kó tó wá gbé e ròkè débi tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi rò pé òun ló ni ín. Dolly kò pè é lólè. Owó orin náà ń wọlé fún un. Ẹ pe ìyẹn ní àdàkọ, ẹ ti bú obìnrin náà.

"Ojúlówó" tún wá burú jù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ayédèrú ló sì máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ híhun Ògìdì ló ń bèèrè bóyá ojúlówó ni. Bí orin Dolly bá jẹ́ ojúlówó, kí la fẹ́ pe ti Whitney?

Ẹnìkan tún mú "orin ìbora" wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìgbà ọyẹ́.

Èmi fara mọ́ "orin àtúnkọ". Tíṣà wa ní Ìsánlú ti ta kò ó, wọ́n ní ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa ni àwọn ń sọ fún pé kó tún un kọ. Òótọ́ ni, kíkọ orin àti kíkọ ìwé, ohùn kan náà ni wọ́n ń gbà jáde lẹ́nu. Àmọ́ ìdí nìyẹn tí "orin" fi wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "orin àtúnkọ" tó máa lọ mú bírò. (Ẹ má sọ ọ́ di "àkọtúnkọ" o. Ìyẹn ni ti ẹgbẹ́ akọrin tó ń pa ẹsẹ kan náà ní àpatúnpa títí pásítọ̀ fi wo aago.)

Fún èyí tó ṣáájú, mo mú "orin àkọ́dá" wá. A máa ń ní ẹnìkan dá orin, àwọn yòókù gbè é, dídá sì tún ni ṣíṣẹ̀dá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ Ifá ni àkọ́dá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni kó tó di ti ẹnikẹ́ni.

Ibi tó le gan-an ni orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹ wo "Amazing Grace" tí wọ́n ń kọ ní ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Newton, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1772. Ohùn tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi sí i ní 1835. Èwo ni àkọ́dá níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí olórin tiwa náà. Ní 2014, Adekunle Gold mú ohùn "Story of My Life" ti ẹgbẹ́ olórin One Direction, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, ó pe orin náà ní "Sade". Ìyẹn kì í ṣe àtúnkọ gédéńgbé, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àkọ́dá. Kì í sì í ṣe àkọ́dá pátápátá. Àwọn onímọ̀ èdè ti ní "ọ̀rọ̀ àyálò" tipẹ́, ẹ jẹ́ ká yá a lọ́wọ́ wọn: "ohùn àyálò". Bí a bá wá gé ègé kan péré nínú orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, bí Burna Boy ṣe gé orin Toni Braxton, olórin Amẹ́ríkà, sínú "Last Last" ní 2022, "ègé àyálò" nìyẹn.

Orin tí wọ́n ń jà sí ní Kábà ńkọ́? Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ègbè nìkan ló gbà nínú orin háílàífù àtijọ́ kan, ó sì tún un kọ lẹ́nu ara rẹ̀ ni, kò gé e. Gbogbo ẹsẹ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ègbè àyálò ni, kì í ṣe kọ́fà. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ ilé ìgẹrun yẹn.