A fẹ́ lọ wo erin ní Chiang Mai lásìkò họ́lídè Ísítà, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Yunifásítì ni mo wà níbí, họ́lídè Ísítà ti ń bọ̀, àwa mẹ́rin la sì ti ń tu owó jọ látìgbà Kérésì ká lè lọ sinmi ní Thailand fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò fẹ́ kánjú rárá, ká ṣáà jẹun ká sùn ká rìn kiri. Erin ló wà lọ́kàn wa jù. Inú oríkì nìkan ni mo ti mọ erin láyé mi, màmá mi àgbà á máa ki àjànàkú bí ẹni tó bá a jẹun rí, mi ò tíì fojú kan ẹyọ kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń pera wọn ní sanctuary, ibi ààbò erin, pọ̀ ní Chiang Mai bí ilé epo, fọ́tò gbogbo wọn ló dáa. Ọ̀kan nínú wa sì ti fàáké kọ́rí pé òun máa gun erin dandan. Ṣé gígùn yẹn burú ni? Ibo la fẹ́ lọ gan-an?

Àǹtí_Peckham
Ẹ kú ìmúra o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gun erin. Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó mú wa kiri ló là wá lóye. Láyé àtijọ́ erin ló ń wọ́ gẹdú nínú igbó wọn lọ́hùn-ún, ọdún 1989 ni ìjọba fòfin de gígé igi igbó, bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ erin àti ẹni tó ni ín nìyẹn. Erin tí ò níṣẹ́ kúkú máa jẹun, ó lè jẹ tó 150 kílò lóòjọ́, ta ló fẹ́ bọ́ ọ? Bí wọ́n ṣe kó wọn wá sọ́dọ̀ àlejò nìyẹn. Àmọ́ kí erin tó gbà kéèyàn jókòó sórí òun, wọ́n á ti já a gbà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ ní kékeré, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀, wọ́n á nà án títí á fi gbà fún wọn. Ìwọ̀ irin tẹ́ ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn tó ń dà wọ́n, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o.

Elephant Nature Park ni àwa lọ, ní Mae Taeng, ó fi bí 60 kìlómítà jìn sí ìgboro, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lek Chailert ló dá a sílẹ̀. Kò sí gígùn níbẹ̀. Wọ́n gba erin tó ti darúgbó síbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kíkán wà níbẹ̀, afọ́jú wà níbẹ̀. Ọkọ mi ń kùn láàárọ̀ pé ṣé ìwòran lásán lòun wá sanwó fún, títí ìyá àgbà kan fi gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi imú gígùn yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju èyí tí ò pọ́n sílẹ̀, ó tún nawọ́ imú padà pé ọmọkùnrin, òmíràn dà. Títí a fi délé ni ọkọ mi ń sọ ọ́.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ wọdò lọ wẹ erin kẹ́ ẹ sì dì mọ́ ọn, ẹ rò ó dáadáa. Erin tó ń wẹ̀ nígbà mẹ́fà lójúmọ́, fọ́tò ló ń wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Adékọ́jọ_Àkúrẹ́
Ẹ̀ ń sọ erin, ẹ ò sọ èéfín. Láti òpin February títí wọ April ni wọ́n ń sun oko àti igbó ní àríwá Thailand, òkè ló sì yí Chiang Mai ká, èéfín ò rọ́nà jáde. Ẹni tó bá ní asthma nínú yín kó yáa mọ̀. Songkran, ọdún tuntun wọn, náà ń bọ̀ ní April 13 sí 15, omi ni gbogbo ìlú fi ń bára wọn ṣeré, ẹ fi fóònù sínú nylon o! Tó bá ṣeé sún, December ló dáa jù. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé nínú yín náà, kó tètè wá físà, kó sì mú káàdì yẹ́lò dání.

Kọ́pà_Tẹ́lẹ̀
Ẹ fi Yankari, igbó ẹranko wa, sílẹ̀ ní Bauchi ẹ lọ ń wá erin ní Thailand 😂 Ìgbà tí mò ń sìnlú la lọ, omi Wikki lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, ọ̀bọ ńlá kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ sáré. Erin ibẹ̀, òkèèrè la ti rí wọn, inú ọkọ̀ la wà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fìwọ̀ dà wọ́n o.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds
Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí, mo ti kà á fún gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ò ṣeé sún mọ́, a máa ra ìbòmú ni, èmi nìkan ló sì ń lo aláwọ̀ ewé, mo ti bẹ̀rẹ̀ físà lónìí. Ẹni tó fẹ́ gun erin ní òun ò gùn mọ́, pé ṣòkòtò tí wọ́n ya erin sí yẹn lòun máa rà, méjì.