Kí ni kí á máa pe “a”, “an” àti “the” ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ará,

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe “a”, “an” àti “the” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní “ọ̀rọ̀ aṣáájú orúkọ”, nítorí pé iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n máa ń wà, kí á sì tú “a” sí “kan”, kí á tú “the” sí “náà”. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dá àbá yìí, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Ipò kọ́ ni iṣẹ́. “My” àti “this” pẹ̀lú a máa ṣáájú orúkọ, síbẹ̀ wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Ní èdè Swídìn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn orúkọ ni èyí tó ń ṣe iṣẹ́ “the” máa ń lẹ̀ mọ́: “bok” ni ìwé, “boken” sì ni ìwé tí olùgbọ́ ti mọ̀. Aṣáájú wo ló wá ń gbẹ́yìn?

Ìtumọ̀ yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ “Sun is hot” sínú ìwé rẹ̀, mo sì fi bírò pupa kọ “The” síwájú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ‘náà’ ni ‘the’. Oòrùn mélòó ló wà tí n ó fi máa ní oòrùn náà?” N kò rí èsì fọ̀, nítorí òun ló jàre. “Náà” ti Yorùbá ń tọ́ka sẹ́yìn, sí ohun tí a ti mẹ́nu bà: “Ajá kan gbó; ajá náà sì sá lọ.” “The” ń ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń fi ye olùgbọ́ pé ó lè dá ohun tí à ń wí mọ̀, ì báà jẹ́ pé a ti dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ ló wà. “Kan” kò sàn jù ú lọ. “She is a doctor” ni “Dókítà ni”. Ẹni tó bá ní “Dókítà kan ni” ti ń sọ ti dókítà kan tí kò fẹ́ dárúkọ tàbí tí kò mọ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó so “kan” mọ́ “a” kò ṣìnà pátápátá. Bí “kan” ṣe bá “ọ̀kan” tan, bẹ́ẹ̀ ni “an” ṣe wá láti inú “ān”, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀kan nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Òfin tí wọ́n kọ́ wa, pé “a” máa ń di “an” níwájú fáwẹ̀lì, dorí kodò nígbà náà: “an” ni àgbà, òun ló sọ “n” rẹ̀ nù níwájú kọ́ńsónáǹtì. “N” yìí tilẹ̀ ti jà lólè rí, nítorí “a napron” ayé àtijọ́ ló di “an apron”, tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún fi pàdánù lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ títí dòní. Ìró sì ni òfin náà ń wò, kì í ṣe lẹ́tà. Àwa tí lẹ́tà wa ń sọ ohun tí ẹnu ń pè ni èyí máa ń dà láàmú: a rí “u” nínú “university”, a kọ “an”, bẹ́ẹ̀ ìró “y” ni ẹnu fi bẹ̀rẹ̀, a rí “h” nínú “hour”, a kọ “a”, bẹ́ẹ̀ “h” ibẹ̀ kò dún rárá.

Ti orúkọ ibi, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: orúkọ odò máa ń gba “the”, bí “the Nile”, ti adágún kì í gbà á, bí “Lake Victoria”; kí á ṣáà há a sórí.

Àbá tèmi ni “ọ̀rọ̀ ìdámọ̀”, láti inú “dá mọ̀”: “ìdámọ̀ pàtó” fún “the”, “ìdámọ̀ aláìpàtó” fún “a” àti “an”. Ẹnìkan ti bi mí pé báwo ni ohun tó ń sọ pé olùgbọ́ kò dá nǹkan mọ̀ yóò ṣe máa jẹ́ ìdámọ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò yé jẹ́ òṣùwọ̀n nítorí pé ẹrù orí rẹ̀ fúyẹ́. Bí ẹ bá ní èyí tó dára jù, ẹ mú un wá. Ní báyìí ná, “ìdámọ̀” ni mò ń lò fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, kò sì bi mí léèrè oòrùn mọ́.